Ní Ti Fèrèsé Ilé, àti Bí A Ti Ń Tún Èyí Tí Ó Bàjẹ́ Ṣe

Bí òrùlé bá ń jò, kò sí baálé ilé tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ títí yóò fi rí ẹni tí yóò gun òkè lọ dí i. Bí ilẹ̀kùn ojúde bá ṣí kúrò lára òpó rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni a ó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a yàtọ̀. A ó fi àkísà dí ojú dígí tí ó fọ́, a ó fi okùn so èyí tí kò lè padé mọ́, a ó kan pákó bo èyí tí ikán ti jẹ lẹ́sẹ̀, a ó sì wí pé, "Ó di oṣù tí ń bọ̀." Oṣù tí ń bọ̀ a sì di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọbìnrin tí a bí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àkísà náà síbẹ̀ a dàgbà, a lọ sí ilé ọkọ, àkísà a sì tún wà lójú fèrèsé.

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Fèrèsé ni ẹnu tí ọmọlé dìídì là sí ara ògiri. Bí ẹnu náà bá ń ṣí nígbà tí ó yẹ, tí ó sì ń padé nígbà tí ó yẹ, ire ni ó ń gbà wọlé, èyíinì ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn tútù. Bí kò bá lè ṣí mọ́, ooru àti èéfín a há sínú ilé mọ́ àwọn ọmọ. Bí kò bá sì lè padé mọ́, òjò, ẹ̀fọn àti olè a sọ ọ́ di ọ̀nà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ fèrèsé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé nìkan. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, nígbà mìíràn sì ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú.

ORÍṢI FÈRÈSÉ TÍ Ó WÀ NÍ ÈJÌGBÒ

Èjìgbò tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ti ilẹ̀ Ọ̀ṣun, bí kò ṣe èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsọlọ̀, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí oko wà ní àtijọ́ ti di kìkì ilé, ilé sì súnmọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, ní àdúgbò mìíràn, ẹni tí ó bá na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi kan ògiri ẹnìkejì. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ojú fèrèsé nìkan ni ilé fi ń mí.

Ní ayé àwọn baba ńlá, yàrá inú agbo ilé kì í sábà ní fèrèsé, tàbí kí ó ní kìkì ihò kékeré kan lókè ògiri. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n ń gbé ní ọ̀sán. Yàrá wà fún oorun òru àti fún ìpamọ́ ẹrù. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn a máa dá ooru dúró, ihò kékeré kò sì gba ọ̀tá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Sàró ti Sierra Leone padà wá, tí àwọn Àgùdà sì ti Bràsíìlì àti Kúbà dé sí Èkó, àwọn ọmọlé àti gbẹ́nàgbẹ́nà Àgùdà mú fèrèsé gbòòrò wá, tí ó ní ìlẹ̀kùn pákó méjì, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tò ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò lè wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni dígí pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ìpẹ́ ẹja dé, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní lúfà. Láàárín 1979 àti 1983, nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé púpọ̀ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Òkè-Afá, tí ó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè yìí, tí ìyípadà sì ń bá fèrèsé. Lónìí, èyí tí a fi alumíníọ̀mù àti dígí ṣe, tí a ń tì lọ tì bọ̀, ni àwọn onílé tuntun fẹ́ràn jù.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé mọ àbùkù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé onípákó ń ṣí tán pátápátá, ṣùgbọ́n bí ó bá padé, òkùnkùn dé, ikán sì ń bá a jà. Lúfà ń gba atẹ́gùn dáradára, ṣùgbọ́n kò lè padé tímọ́tímọ́, olè sì lè fa dígí rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ń tì lọ tì bọ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ń padé dáradára, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin rọ́pò fèrèsé onípákó tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà méjì ni ó kù fún atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń ráhùn pé ilé àwọn móoru ju ti àtijọ́ lọ, wọn kò sì mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn pààrọ̀ fèrèsé ni ooru náà wọlé.

NÍ TI Ẹ̀FỌN ÀTI ÀWỌ̀N

Ní ayé àtijọ́, àwọn òyìnbó gbàgbọ́ pé atẹ́gùn burúkú tí ń ti inú irà jáde ní òru ni ó ń fa ibà, ìtumọ̀ orúkọ náà, malaria, ní èdè Ítálì ni "atẹ́gùn burúkú." Nítorí èyí, wọ́n a máa ti fèrèsé pa ní gbogbo òru. Ní ọjọ́ 20 oṣù August, 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, òtítọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Ní 1900, Patrick Manson, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, rán àwọn dókítà méjì, Louis Sambon àti George Low, lọ gbé inú ilé onípákó kan ní Ostia, lẹ́bàá ìlú Róòmù, níbi tí ibà gbé ń ṣe àwọn ará oko bí ẹni fi wọ́n ṣeré. Wọ́n fi àwọ̀n wáyà tí ojú rẹ̀ wẹ́ sí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀, wọn kì í sì í jáde títí oòrùn yóò fi yọ. Fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀ sí atẹ́gùn irà náà ní gbogbo òru, wọn kò sì lo kuníìnì. Gbogbo ìgbà ibà kọjá, àwọn aládùúgbò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ibà kò ṣe àwọn wọ̀nyí. Nípa báyìí ni a fi mọ̀ pé atẹ́gùn òru kò lẹ́ṣẹ̀; ẹ̀fọn ni ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé Èkó. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà níhìn-ín láti 1899 títí di 1904, jẹ́ dókítà pẹ̀lú. Ó mú kí a fa omi irà gbẹ, kí a máa pín kuníìnì, kí a sì ta àwọ̀n wáyà sí ojú fèrèsé ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ tiwa yìí, ní 2006 àti 2007, àwọn oníṣègùn ṣe ìdánwò ní ilé 500 ní Farafenni àti àyíká rẹ̀ ní ilẹ̀ Gáḿbíà. Nínú ilé tí a kò fọwọ́ kàn, bí ẹ̀fọn 37 ni wọ́n ń mú ní òru kan; nínú ilé tí a ta àwọ̀n sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a sì dí àlàfo abẹ́ òrùlé, bí 15 ni wọ́n ń rí. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ń gbé ilé aláìláwọ̀n, 19 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ń gbé ilé aláwọ̀n, 12 ni.

Kí olùkàwé kíyèsí i pé ẹ̀fọn kò tán pátá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí àwọ̀n ojú fèrèsé kó àwọ̀n orí ibùsùn dà nù. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí ó ya, tí a kò sì tún ṣe, burú ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí ẹ̀fọn tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Bí ihò kò bá tóbi, kí a gé àwọ̀n mìíràn tí ó fi ínṣì kan tóbi jù ú lọ ní ìhà gbogbo, kí a sì fi òwú ọ̀rá rán an mọ́ ọn. Bí ó bá ti gbó, kí a yọ gbogbo rẹ̀. Kí a ra èyí tí ó ní ihò 16 tàbí 18 nínú ínṣì kan. Kí a fà á le, kí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ yí ká, kí a sì kàn án pẹ̀lú ìṣó wẹ́wẹ́. Kí a máa fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbàkúùgbà, nítorí eruku a máa dí ojú àwọ̀n, atẹ́gùn kì í sì í lè kọjá mọ́.

NÍ TI ATẸ́GÙN INÚ ILÉ

Ẹni tí ó ní ikọ́ ife, bí ó bá wúkọ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, ohun tí ó wú jáde a máa rá bàbà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀, àwọn ará ilé a sì máa fà á símú. Ní 2007, àwọn oníṣègùn tí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ inú ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú Lima, ní ilẹ̀ Pẹrú, sọ ohun tí wọ́n rí. Bí a bá ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tán, afẹ́fẹ́ inú yàrá a pààrọ̀ ní bí ìgbà 28 ní wákàtí kan. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ìgbà 12 ni. Ilé àtijọ́ tí a kọ́ ṣáájú 1950, tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé rẹ̀ sì gbòòrò, sàn ju ilé ìgbàlódé lọ. Fèrèsé kì í béèrè epo, kì í sì í béèrè iná mànàmáná.

Ṣùgbọ́n fèrèsé kan ṣoṣo kò tó. Kí atẹ́gùn tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ó dára kí yàrá ní fèrèsé méjì ní ògiri tí ó kọjú sí ara wọn, tàbí kí ilẹ̀kùn kọjú sí fèrèsé. Ní Èkó, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níhà òkun, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ jù nínú ọdún. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ń ti wá. Ṣùgbọ́n ìjì líle tí ó máa ń ṣáájú òjò, láti ìhà ìlà-oòrùn ni ó sábà ń ti jà. Nítorí náà fèrèsé ìhà ìlà-oòrùn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí òjò tó dé.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń pa ènìyàn láìjẹ́ kí wọ́n pariwo: èéfín ẹ̀rọ amúnáwá. Ọta kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ẹni tí ó bá fà á símú nínú oorun lè má jí mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ̀rọ náà nínú ilé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbáà jẹ́ pé gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀. Kí a gbé e jìnnà sí fèrèsé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20. Ní àdúgbò tí ilé ti há, bí irú èyí tí ó wà ní Èjìgbò, ẹ̀rọ ẹnìkan lè wà ní abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn. Kí àwọn aládùúgbò pàdé, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi ẹnu kò sí ibi tí olúkúlùkù yóò máa gbé tirẹ̀ sí. Ó sàn kí a jíròrò lónìí ju kí a máa ṣọ̀fọ̀ lọ́la.

NÍ TI DÍGÍ TÍ Ó FỌ́

Kò sí àgbàlagbà kan ní Èjìgbò tí yóò gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù January, 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà, iná ran ilé ìkó-ohun-ìjà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ilẹ̀ mì, dígí fèrèsé sì fọ́ yángá ní ilé tí ó jìnnà réré sí ibẹ̀. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó dé. Wọ́n rò pé ogun ni. Olúkúlùkù gbé ọmọ rẹ̀, ó sì sáré sínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sáré dé ipadò tí ó wà ní Òkè-Afá. Ewéko ojú omi ti bo omi náà, ó sì dàbí ilẹ̀ lójú wọn. Wọ́n kó sínú rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì kó lé wọn lórí. Àwọn tí ó kú nínú jàǹbá náà lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọwọ̀n ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá títí di òní. Ní ọjọ́ 15 oṣù March, 2020, Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, ìbúgbàù tún ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó. Ó wó ilé púpọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 20.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó kan fèrèsé. Ní ọjọ́ 6 oṣù December, 1917, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó kó ohun ìjà gbiná ní èbúté Halifax, ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn ará ìlú dúró lójú fèrèsé wọn, wọ́n ń wo iná náà. Nígbà tí ọkọ̀ náà bú, gbogbo dígí wọ̀nyí fọ́ sí wọn lójú. Ó tó ènìyàn 1,700 tí ó kú ní ìlú náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni a pa lára ní ojú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn kò ríran mọ́ títí ọjọ́ ikú wọn. Nítorí náà, bí a bá rí iná ńlá tàbí tí a gbọ́ ìró ìbúgbàù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ sójú fèrèsé láti wòran. Kí a kúrò níbẹ̀ kíákíá, kí a dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kí a sì fi apá bo ojú àwọn ọmọ.

Dígí kò rí bákan náà. Dígí lásán a máa fọ́ bí ọ̀bẹ. Èyí tí a fi iná sọ di líle a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta, kì í sì í gúnni jinlẹ̀. Èyí tí a fi ọ̀rá sí láàárín a máa sán, ṣùgbọ́n kì í jábọ́. Ẹni tí kò lágbára láti ra méjì ìkẹyìn yìí lè lẹ ọ̀rá tí ó mọ́ gaara mọ́ ìhà inú dígí lásán, kí èérún rẹ̀ má baà fọ́n káàkiri. Kí a má sì ṣe tẹ́ ibùsùn ọmọ sí abẹ́ fèrèsé. Bí dígí bá fọ́, kí a wọ bàtà kí a tó súnmọ́ ọn, kí a fi aṣọ tí ó nípọn bo ọwọ́, kí a di èérún sínú ìwé ìròyìn, kí a sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ kì í kó èyí tí ó kéré jù.

BÍ A TI Ń TÚN UN ṢE

Fèrèsé onípákó. Pákó a máa wú ní ìgbà òjò, a sì máa fún ní ìgbà ọyẹ́. Bí fèrèsé bá há ní oṣù July, kí a má ṣe yára fi ìfági fá a, nítorí bí ó bá di oṣù December, àlàfo yóò wà níbẹ̀ tí aláǹgbá yóò gbà kọjá. Kí a kọ́kọ́ wo ìdè irin tí ó fi ń yí, bóyá ìṣó rẹ̀ ni ó tú. Bí ihò ìṣó bá ti gbòòrò, kí a ki èérún igi àti àtè sínú rẹ̀, kí ó gbẹ, kí a tó tún ìṣó yí wọlé. Lẹ́yìn náà kí a fi àbẹ́là pa etí rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń há, kí a fi ẹfun sàmì sí ibẹ̀, kí a sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí a tó fá a díẹ̀, kí a sì fi ọ̀dà kun ibi tí a fá kí omi má baà tún wọ inú rẹ̀.

Kí a fi ọ̀bẹ gún ìsàlẹ̀ férémù wò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, igi náà ti jẹrà. Kí a gé e títí dé ibi tí ó le, kí a sì fi igi mìíràn so ó. Bí a bá rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán là, kíkàn án fọ́ nìkan kò tó; kí a tọ̀ ọ́ lọ dé ibi tí ó ti wá. Ìrókò, apá àti òpèpè a máa kọ ojú ìjà sí ikán. Arère kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni.

Dígí inú férémù igi. Kí a fa pọ́tì àtijọ́ kúrò tán. Kí a wọn ojú ibẹ̀, kí a sì gé dígí tí ó fi mìlímítà mẹ́ta kéré jù ú lọ ní gígùn àti ní ìbú, nítorí dígí tí ó bá há kì í pẹ́ sán. Kí a tẹ́ pọ́tì tuntun, kí a tẹ dígí lé e, kí a kan ìṣó wẹ́wẹ́, kí a sì fi pọ́tì dàgẹ̀rẹ̀ sí ìhà òde kí omi lè ṣàn kúrò. Kí a jẹ́ kí ó le dáradára kí a tó fi ọ̀dà kùn ún.

Fèrèsé alumíníọ̀mù. Bí omi bá ń ṣàn wọ yàrá, kí a má ṣe rò pé fèrèsé náà kò dára. Ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀, tí omi ń gbà jáde. Eruku àti ìyẹ́ kòkòrò ni ó sábà ń dí wọn. Kí a gbá ibẹ̀, kí a sì fi wáyà tú ihò náà. Bí ó bá wúwo láti tì, kí a wo àgbá kékeré tí ó fi ń yí ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀yí owó díẹ̀ ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ fèrèsé. Kí sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ sí òde, kí ó yọ síta díẹ̀ ju ògiri lọ, kí a sì fa ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa kán sílẹ̀ láìtọ ògiri. Fún àìsí ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ ògiri fi ń dúdú tí ó sì ń hu ewé.

Bí férémù bá ti jẹrà ju ìdajì lọ, tàbí tí kò dúró gún mọ́, owó àtúnṣe yóò ṣòfò; kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a wọn ihò ògiri lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí a mú èyí tí ó kéré jù, kí a sì dín mìlímítà mẹ́wàá kù. Bí a bá fẹ́ sọ fèrèsé di gbòòrò, àtẹ́rígbà titun gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀, kí ó sì wọ inú ògiri ní ó kéré tán ínṣì mẹ́fà ní ìhà méjèèjì. Ògiri tí a là láìsí àtẹ́rígbà yóò wó.

NÍ TI IRIN ÀTI INÁ

Nítorí olè, gbogbo ilé ni a ń fi ọ̀pá irin sí fèrèsé. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Ṣùgbọ́n irin tí ó dá olè dúró lóde lè dá àwọn ọmọ dúró nínú iná. Kí irin fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń sùn sí jẹ́ èyí tí ó ń ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà ní ibi kan náà ní gbogbo ìgbà, níbi tí ọwọ́ olè kò lè dé láti òde, ṣùgbọ́n tí ọmọ lè mú un nínú òkùnkùn. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ṣí i, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wẹ́dà tí ó ń ṣe irin náà lè ṣe èyí láìpẹ́, bí a bá sọ fún un kí ó tó jó o pọ̀.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ?

Ìjà onílé àti ayálégbé lórí fèrèsé kì í tán. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 gbé àtúnṣe ìhà òde ilé àti ibi tí gbogbo ènìyàn jùmọ̀ ń lò lé onílé lọ́wọ́, àyàfi bí àdéhùn bá wí òmíràn. Ó sì gbé e lé ayálégbé lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú ibi tí ó ń gbé, kí ó má sì ṣe yí ilé padà láìgba àṣẹ onílé nínú ìwé. Kí ayálégbé tí ó fẹ́ kó wọlé yẹ gbogbo fèrèsé wò lójú onílé tàbí aṣojú rẹ̀, kí wọ́n kọ èyí tí ó bàjẹ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ sí i. Ìwé kékeré yìí a máa pa ìjà ńlá.

ÌGBÀ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

January àti February: pákó gbẹ, kí a fá èyí tí ó há, kí a sì kun ọ̀dà.
March: kí a dí gbogbo àlàfo ara férémù, pàápàá ti ìhà ìlà-oòrùn, kí ìjì tó dé.
April sí July: kí a máa tú ihò omi fèrèsé alumíníọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a má ṣe fi ìfági kan pákó.
August: òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀, kí a tún àwọ̀n tí ó ya rán.
September àti October: kí a wá ikán kiri ní ẹsẹ̀ férémù.
November àti December: ọyẹ́ ń bọ̀, kí a fọ eruku ojú àwọ̀n, kí a sì fi òróró díẹ̀ sí ìdè irin.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí leji ń pa. Baálé ilé tí ó bá fi ọ̀sán Sátidé kan yẹ fèrèsé rẹ̀ wò kí oṣù March tó parí, tí ó sì ná owó díẹ̀ lórí pọ́tì, ìṣó àti àwọ̀n, yóò rí i pé owó oògùn ibà nìkan, bí ó bá dín kù, ti san gbèsè náà fún un.